Ewé Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

"Ẹ kú ilé o. A ò ní pẹ́," ni Alákàn wí fún adìyẹ tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Adìyẹ dìde, ó gbọn ìyẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí lókè òkun gbọ́ pé a fẹ́ràn ìkíni, ni wọ́n bá kọ́ ọ ní oríṣiríṣi ìkíni, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ ní ẹni tí à ń kí. Ó ti kí ògiri rí níṣojú mi. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ẹ̀rín ò wá, torí mo ti mọ ilé ẹni tí a wà.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni Alákàn ní, ó sì ga dé ìbàdí mi. Wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ imú ni tiwa fi ń ṣọ́ erékùṣù. Tó bá ti gbọ́ òórùn ewé kan, yóò sọ bóyá ọmọ-onílẹ̀ ni tàbí àjèjì. Tó bá jẹ́ àjèjì, ó ní èékánná tó fi ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì ní iná nínú ikùn tó fi ń sun ún. Iṣẹ́ tèmi ò ju pé kí n tẹ òǹtẹ̀ tó wà lọ́rùn mi mọ́ ọn láyà kó tó fà á tu, kí wọ́n lè sọ pé èèyàn lọ́wọ́ sí i.

"Àjèjì kan wà lẹ́yìnkùlé, Ọ̀gá Ìbídùnní," ó wí. "Kò sí nínú Ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Mo gbọ́."

Obìnrin arúgbó tó jáde sí wa so gèlè mọ́ iwájú orí bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Àṣàkẹ́ ni, aya Lánípẹ̀kun. Ogún ọdún ni mo ti ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá kí n má baà gba iwájú ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bú mi pé aṣọ ìjọba kì í kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbagidi síwájú màmá yìí?

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde, ilẹ̀ tutù." Ó wo ẹ̀rọ náà látòkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ lo mú un wá, àbí òun ló mú ẹ wá?"

"Òun ló mú mi wá, mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Kò bá wa jà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Alákàn sì fẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rìn gba inú ilé kọjá, ó ń kí àga, ó ń kí ìkòkò omi. Àwa méjèèjì tẹ̀lé e. Lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, ààrò ìyanja kan wà níbẹ̀ tí kò ní iná nínú. Agbọ̀n ńlá kan sì dorí kodò nítòsí rẹ̀. Alákàn dúró síwájú agbọ̀n náà, kò mira mọ́.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni ibà fi dá mi dúbúlẹ̀," ni Màmá wí. "Mi ò lè dáná. Èéfín ẹja ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí gbọ́ òórùn ewé náà. Ogún ọdún ni mo fi yan ẹja lójoojúmọ́, òjò ń rọ̀, oòrùn ń ràn. Àwọn aládùúgbò ní mo fẹ́ràn ẹja jù." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹja ti sú mi, ọmọ mi. Kì í wọ̀ mí lẹ́nu mọ́."

"Màmá, ẹ mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n jù ẹ́ lọ. Ta ni ò rántí ọdún ìtàkùn? Ẹnì kan gbé òdòdó wọlú nínú ìkòkò kékeré torí pé ó lẹ́wà. Kí ọdún tó yí po, ó ti gun gbogbo igi tó wà lókè, àdá la fi ń la ọ̀nà débi ilé ìwòsàn. Mi ò sọ pé òfin burú. Ó dára kí ewúro tí a gbé wá láti ilé máa gbé abẹ́ gíláàsì bí ọmọ ọba, kó má baà jáde wá dààmú onílẹ̀. Àmọ́ eléyìí kì í ṣe àjèjì. Orí òkúta ibí yìí ló ti hù kí òkun tó lé èmi àti ìwọ kúrò nílé wa. Tí a bá ń wá àjèjì, àwa nìyí."

Ó ká agbọ̀n náà kúrò.

Igi kékeré ni, kò ga ju orúnkún lọ. Iwájú ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí epo, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ sì wà lórí ẹ̀ka méjì. Òórùn àgbàdo tútù ló ń ti ara rẹ̀ jáde. Bí òórùn náà ṣe dé imú mi ni gìgísẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í hún mi, níbi tí àpá wà.

Dájẹ̀dúró. Mo mọ̀ ọ́n kí ó tó ká agbọ̀n kúrò. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

"Kò sí nínú Ìwé," ni Alákàn tún wí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ òǹtẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òfin fún wa."

Irinwó ó lé méjìlá ni ewé tó wà nínú Ìwé Ọmọ-Onílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń kà á lórin láràárọ̀, láti orí ṣẹ́gun-òkun tó ń hù nínú yanrìn títí dé orí irùngbọ̀n-àpáta tó wà ní ṣóńṣó òkè. Àwa mẹ́jọ la kọ ọ́, ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, èmi ló kéré jù nínú wa. Nísinsìnyí, èmi nìkan ló kù láàyè. Ní ọjọ́ Àjọ̀dún Ìwé, iwájú ni wọ́n máa ń gbé mi sí, àwọn ọmọdé á sì wá fọwọ́ kan aṣọ mi.

Òkè Kùrukùru ni wọ́n pín fún mi. Lánípẹ̀kun ni afinimọ̀nà mi, torí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja ti ń pàgọ́ sí erékùṣù yìí nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Kíkọ ewé kan kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láyé ìgbà náà. O gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí o fọwọ́ yà á sórí ìwé láti orí dé gbòǹgbò, kí o wọn ewé rẹ̀ ní ogún ọ̀nà, kí o sì pe orúkọ rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ewé kan lè gbà ẹ́ ní ìdajì ọjọ́.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, apá òkè pátápátá la wà. Òjò ń rọ̀ bí ẹni tí ń bínú. Òkúta kan là mí ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bò mí lẹ́sẹ̀. Lánípẹ̀kun já ewé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ó fẹnu rún un, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́. Kí n tó ka ogún, ẹ̀jẹ̀ ti dá.

"Kọ eléyìí sílẹ̀, ọmọ mi," ó wí. "Ibí nìkan ló ń hù. Dájẹ̀dúró lorúkọ rẹ̀."

"Lọ́la, Baba," ni mo wí. "Mo máa kọ ọ́ lọ́la."

Ó lọ wá igi gbígbẹ. Nígbà tó ń bọ̀, ó rí mi lábẹ́ ihò àpáta tí mo dojú délẹ̀, tí mò ń kọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ dáná. Ní ọjọ́ kejì mo tiro sọ̀kalẹ̀, mi ò sì padà gòkè mọ́. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé: Òkè Kùrukùru, apá òkè, kò sí ewé tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pa Ìwé dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má rò pé mo gbàgbé. Ǹ bá ti fẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí àwọn Alákàn dé lọ́dún kejì, Òkè Kùrukùru ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí kò séèyàn níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo èéfín láti ojú fèrèsé mi. Mo ní díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Mo ní lọ́la ni mo máa lọ sọ. Nígbà tó di ọdún kẹfà tí wọ́n bá ewé yẹn nínú ìkòkò nílé Lánípẹ̀kun, tí wọ́n ní ó tọ́jú àjèjì, mo ní tí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, wọn á ní kí ló dé tí mi ò tètè sọ. Mo wà ní èbúté lọ́jọ́ tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Àgọ́ Iyọ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́bi lọ. Mo wọ aṣọ ìjọba. Ó rí mi láàárín èrò, ó sì juwọ́ sí mi.

Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mo ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tèmi lọ́jọ́ náà.

"O ò bínú pé mo pè ẹ́ lọ́mọ mi?" ni Màmá bi mí. "Baálé mi ló máa ń pè ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lọmọ tí òkúta là lẹ́sẹ̀, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Mo mọ̀. Ṣé o rí i, kò bínú sí ẹ. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ̀yin akọ̀wé lẹ pa á. Ó ní irọ́ ni. Ó ní, 'Ọmọ yẹn kọ ọ́. Ojú mi ló ṣe. Òjò ń pa á, ẹsẹ̀ ń dùn ún, síbẹ̀ ó jókòó, ó ń kọ ọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ nù.' Ó búra nítorí ẹ níwájú adájọ́. Ẹ̀ka kan tí wọn ò rí lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un ni mo gbìn síbí. Lẹ́tà tó kọ sí mi gbẹ̀yìn kó tó kú lọ́hùn-ún, ó ní kí n má gbàgbé ẹ." Ó nawọ́ sí ààrò. "Ẹja gbígbẹ tí o máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà ẹ ní gbogbo ọjọ́ Àjọ̀dún Ìwé, mo mọ̀ pé wàá ti máa rò ó pé ta ni. Èmi ni."

Ẹja náà! Mo máa ń rò pé ẹni tó ń wá ojúrere ló ń gbé e síbẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi jẹ ẹ́. Mo fi se ọbẹ̀, mo bu fún ọmọ mi Arínọlá, mo ní ẹni tó yan ẹja yìí mọ̀ ọ́n yan. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì lẹ́yìnkùlé yẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tí mò ń fẹ́ nìyẹn.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún, Ọ̀gá," ni Alákàn wí.

Màmá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni pé akọ̀wé tó ti fojú rí ewé kí wọ́n tó pa Ìwé dé lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ wọlé?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Sọ ọ́ wọlé nígbà náà. Sọ fún un pé o kọ ọ́, pé wọ́n sọ ọ́ nù. Ìyẹn náà ló ṣẹlẹ̀, àbí?"

Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ewé á yè, Màmá á máa pè mí lọ́mọ rẹ̀, ẹja á sì máa wá lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní wọ́n sọ ọ́ nù, Alákàn á bi mí pé ta ló sọ ọ́ nù. Ṣówùnmí ló ń gba ìwé lọ́wọ́ wa nígbà náà, ó sì ti kú. Ẹ̀bi kì í bá òkú wọ sàréè lórí erékùṣù yìí, ọmọ òkú ló máa ń bọ́ sí lọ́rùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ṣówùnmí bí, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin irinwó ó lé méjìlá. Òun ni wọ́n máa kó sínú ọkọ̀.

Tí mo bá sì dákẹ́, tí mo tẹ òǹtẹ̀, ewé yìí tán nìyẹn láyé, wọn á sì kó Màmá lọ bá ọkọ rẹ̀. Tí mo bá wá sọ òótọ́, èmi ni mò ń lọ. Arínọlá ti lóyún oṣù méje. Mo ti hun fìlà fún ọmọ náà, ó wà nínú àpótí mi, mi ò tíì parí etí rẹ̀.

Mo wo ewé náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ fún wa ohun tí onírọ́ máa san lọ́jọ́ náà.

"Alákàn," mo wí, "mo fẹ́ sọ ewé kan wọlé."

Iná ojú rẹ̀ yí padà, ó di àwọ̀ omi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Kí lorúkọ ewé náà?"

"Dájẹ̀dúró."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Apá òkè, ní Òkè Kùrukùru. Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí wọ́n pa Ìwé dé."

"Ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

"Lánípẹ̀kun, afinimọ̀nà wa."

"Ẹni náà ti jẹ̀bi títọ́jú àjèjì."

"Kò jẹ̀bi," mo wí. "Kò jẹ̀bi rí."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo rí i pé ayọ̀ ni. Ìyẹn ló kù tí mo máa fọwọ́ ara mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ewé náà ò fi sí nínú Ìwé?" ni Alákàn bi mí.

"Èmi ni mi ò kọ ọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan nù. Mo rí i, ó wò mí sàn, wọ́n ní kí n kọ ọ́, mo ní lọ́la. Mo wá kọ ọ́ pé kò sí ewé tuntun."

Màmá rọra jókòó sórí ìkòkò tó dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi.

"Ó rí ẹ," ó wí. "Ó rí ẹ tí o ń kọ̀wé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo wá ń kọ?"

"Lẹ́tà, mà."

"Sí ta?"

"Sí ọkùnrin kan tó fẹ́ bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ó gbà á kó tó lọ."

"Ṣé òun lo wá fẹ́?"

"Rárá, mà. Kò fèsì."

Màmá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Kò sí adùn kankan nínú ẹ̀rín náà, ó dà bí ìgbà tí egungun ẹja há èèyàn lọ́fun. "Lẹ́tà," ó wí. "Ó fi ọwọ́ sórí níwájú adájọ́, ó búra. Lẹ́tà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Má bẹ̀ mí. Mi ò tíì ráyè ẹ̀bẹ̀."

Alákàn ti parí ìṣirò rẹ̀. Ó na imú sí igi kékeré náà, ó sì fi ohùn dídùn rẹ̀ kí i. "Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ-onílẹ̀. Ìwé di irinwó ó lé mẹ́tàlá." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Màmá. "A ti pa orúkọ Lánípẹ̀kun rẹ́ kúrò lára àwọn tó jẹ̀bi. Ẹ kú oríire." Ó wá kọjú sí mi, ohùn kan náà ló sì lò. "Akọ̀wé Ìbídùnní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ òǹtẹ̀ yín. Ọkọ̀ Àgọ́ Iyọ̀ á gbéra lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ kú ìmúra."

Mo bọ́ òǹtẹ̀ náà lọ́rùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀, ó sì ti dá àmì sí mi lára. Alákàn gbà á, ó fi í sínú ikùn rẹ̀, ó kí adìyẹ pé ó dàbọ̀, ó sì bá ọ̀nà ìta lọ.

Èmi náà yí padà láti máa lọ. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí Màmá tó pè mí.

"Dúró."

Ó ti dìde. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀ka kan lára dájẹ̀dúró, èyí tó ní òdòdó. Ó ya etí ìró rẹ̀, ó rì í sínú omi, ó fi wé ìdí ẹ̀ka náà bí ẹni ń di ìwọ́ ọmọ tuntun. Ó di í dáadáa.

"Àgọ́ Iyọ̀ náà ni wọ́n ń gbé ẹ lọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sàréè rẹ̀ wà ní ìlà kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Ẹni tó kọ̀wé sí mi nígbà tó kú ní kò sí koríko kan níbẹ̀, iyọ̀ nìkan ni. Bu ilẹ̀ dúdú lọ láti ibí. Ibi orí rẹ̀ ni kí o gbìn ín sí."

"Mo gbọ́, mà. Màá gbìn ín."

"Mi ò dárí jì ẹ́ o. Má lọ sọ fún un pé mo ti dárí jì ẹ́."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Ó na ẹ̀ka náà sí mi. Mo dì í mú, àmọ́ òun náà ò fi í sílẹ̀. Ọwọ́ àwa méjèèjì ló wà lára aṣọ tútù náà, omi ń kán sílẹ̀ sáàárín wa.

"Ìgbà wo?" ó bi mí.

"Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀ níbẹ̀, mà. Kí n tó jókòó. Kí n tó mu omi."

Ó wò mí lójú. Lẹ́yìn náà ló tó fi í sílẹ̀.